Gbèsè Tí Ìtàn Ọ̀ràn Òṣèlú Jẹ Òǹkàwé

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ni ìjákulẹ̀ òǹkàwé. Èèyàn ra ìtàn àròsọ kan nítorí wọ́n ní ìpànìyàn wà nínú rẹ̀, wọ́n ní àwọn alágbára ìlú lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì ní àṣírí yóò tú. Ó jókòó tì í, ó kà á dé ìparí, ó pa ìwé dé, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní òun kò rí ohun tí òun torí rẹ̀ ra ìwé. Ṣé òǹkọ̀wé ló jẹ̀bi ni, àbí òǹkàwé, àbí ìlú tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé?

Èsì tèmi rèé, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń lọ kí n tó gbéra. Gbèsè tí ìtàn ọ̀ràn òṣèlú jẹ òǹkàwé kì í ṣe gbèsè ìdájọ́. Gbèsè òye ni. Òǹkàwé lè fara da ìtàn tí ọ̀daràn ti mú un jẹ, bí ó bá ti yé e bí ọ̀daràn náà ṣe mú un jẹ. Ohun tí kò yẹ kí ó fara dà ni kí ó ka ìwé tán, kí ohun tó mọ̀ má sì ju ohun tó ti mọ̀ kó tó ṣí i lọ.

Ìwé tí n óò gbé yẹ̀ wò jù lọ ni Chronicles from the Land of the Happiest People on Earth, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ. Mo yàn án nítorí pé ìwé ńlá ni, nítorí pé ọmọ ilé wa ló kọ ọ́, àti nítorí pé ó pín àwọn òǹkàwé sí méjì gédégbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí: n óò tú díẹ̀ nínú àṣírí ìtàn náà, nítorí a kò lè jíròrò ìparí ìwé láì dé ibẹ̀.

Àwọn tó kọ́ wa ní ohun tí à ń retí

Kí a tó fẹ̀sùn kan ìwé pé ó já wa kulẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ẹni tó kọ́ wa ní ohun tí à ń retí. Nínú èdè Yorùbá, àwọn méjì ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa: Kọ́lá Akínlàdé àti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí.

Akínlàdé ló fún wa ní Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń fi ọpọlọ tú ohun tó díjú. Òun náà ló kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? tó jáde ní 1971, àti Owó Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ní 1976. Ẹ wo àkọlé àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ìbéèrè ni. Ẹni tó bá sì ra ìwé tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè ti mọ̀ pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Irú ìwé báyìí máa ń bá òǹkàwé dá májẹ̀mú láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó purọ́ ní orí kejì, irọ́ rẹ̀ yóò tú kí ìtàn tó parí. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ níbi ọ̀ràn, ẹnì kan yóò mú un, yóò sì bi olówó rẹ̀ léèrè. Bí a bá dé ìparí, ọwọ́ òfin yóò ba ẹni tó ṣe é, ọkàn wa yóò sì balẹ̀.

Òkédìjí gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969, àti Àgbàlagbà Akàn, tó tẹ̀ lé e ní 1971, Lápàdé ni akọni. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́ nígbà tí a bá a pàdé. Òun àti Tàfá Ìgírípá, tó ń bá a rìn, ni wọ́n ń dojú kọ àwọn ọ̀daràn. Òkédìjí fi èyí sọ ohun kan láì pariwo rẹ̀: bí ìlú bá fẹ́ rí ọ̀daràn mú, ó lè jẹ́ ẹni tí kò sí nínú aṣọ ìjọba ni yóò mú un. Síbẹ̀, a máa ń mú un. Inú wa ń dùn sí Lápàdé nítorí pé kò jẹ́ kí ìkà sùn.

Nígbà tó di 1981, Òkédìjí fúnra rẹ̀ yí ojú ìtàn padà. Nínú Atótó Arére, kò sí Lápàdé tí yóò gbà wá. Àlàbá ni a ń tẹ̀ lé, ọmọ tí ilé kò gbà, tí ìta sì kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, títí ó fi di ọ̀daràn. Òǹkọ̀wé kò bi wá mọ́ pé ta ló ṣe é. A ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bi wá ni bí ọmọ èèyàn ṣe ń di bẹ́ẹ̀. Ìwé náà korò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á tán kì í ní ọwọ́ òun ṣófo. Ó ti rí ọ̀nà tí Àlàbá gbà, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, láti ọwọ́ Òkédìjí kan náà ni a ti rí irú ìtàn méjì. Ọ̀kan ń fún wa ní ìdájọ́, èkejì ń fún wa ní òye. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ sọ́dọ̀ Ṣóyínká.

Ìwé tí àwọn òǹkàwé jà lé lórí

Ṣóyínká kò kọ ìtàn àròsọ púpọ̀. The Interpreters jáde ní 1965, Season of Anomy ní 1973, lẹ́yìn náà kò sí òmíràn títí di òpin 2020 tí ilé-iṣẹ́ Bookcraft tẹ Chronicles jáde ní Ìbàdàn. Ní 2021, àwọn òǹtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà gbé e jáde lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta yóò retí ohun ńlá. Ìrètí yẹn nìkan tó láti bí ìjákulẹ̀.

Ìtàn náà dá lórí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ kàwé lókè òkun, tí wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò padà wá tún ilé ṣe. Dókítà Kighare Menka, ọmọ abúlé Gumchi, di oníṣẹ́ abẹ. Ní Jọ́ọ̀sì ló ti ń tún ara àwọn tí bọ́ǹbù ya ṣe. Duyole Pitan-Payne di ẹnjiníà ńlá, wọ́n sì yàn án sí ipò kan ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹnì kan nínú wọn bọ́ sínú wàhálà ìjọba. Ẹni kẹrin pòórá. Ọ̀ràn tó gbé ìtàn dìde ni pé Menka rí i pé àwọn kan ń ta ẹ̀yà ara èèyàn, tí wọ́n ń kó o láti ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń wá owó àti agbára. Àwọn oníṣòwò náà tilẹ̀ wá bá a pé kó wá bá àwọn dòwò pọ̀.

Àwọn alágbára mẹ́ta ló yí ọ̀ràn yìí ká. Papa Davina ni àkọ́kọ́, wòlíì tó da ẹ̀sìn Kristẹni àti Ìsìláàmù pọ̀, tó sì fi wọ́n ṣe ọjà. Ìkejì ni Sir Godfrey Danfere, olórí ìjọba. Ìkẹta ni olówó kan tó ni ìwé ìròyìn, tó ń ṣètò àmì ẹ̀yẹ fún àwọn èèyàn pàtàkì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Duyole fi fara gba bọ́ǹbù nílé ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Salzburg ní Austria fún ìtọ́jú, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹbí rẹ̀ fẹ́ sin ín sọ́hùn-ún. Menka ní kò sí ohun tó jọ ọ́, àfi kí wọ́n gbé e wálé.

Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn náà báyìí, ẹ ó ní ìwé tó yẹ kó mú èèyàn kúrò lójú oorun ni. Síbẹ̀, àròyé pọ̀. Lóòótọ́, àwọn lámèyítọ́ ńlá yìn ín. Ben Okri, ẹni tó kọ The Famished Road, yìn ín gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Guardian ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní àwọn kò lè kà á tán, àwọn mìíràn sì kà á tán pẹ̀lú ìbínú. Àròyé mẹ́rin ló wọ́pọ̀, mo sì fẹ́ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ̀ wò, nítorí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Àkọ́kọ́: wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ìwé náà lé ní irinwó ojú ewé, gbólóhùn rẹ̀ gùn, òǹkọ̀wé a sì máa kúrò lójú ìtàn láti bú ìjọba fún ojú ewé púpọ̀ kó tó padà. Mo gba àròyé yìí wọlé. Ìlú tí ìjọba rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ fún ayọ̀, tí àwọn aráàlú sì ń kú bí adìẹ, kò nílò kí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ tọ́ka sí i ní ìgbà mẹ́wàá. Ní 2003, ìròyìn ìwádìí kan tàn káàkiri pé àwa ọmọ Nàìjíríà la láyọ̀ jù lágbàáyé. Ní 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Ímò yan kọmíṣọ́nà fún ayọ̀ ní ti gidi. Òǹkàwé wa mọ gbogbo èyí. Tí òǹkọ̀wé bá ń ṣàlàyé ohun tí òǹkàwé ti mọ̀, òye kọ́ ló ń fún un. Àkókò rẹ̀ ló ń gbà.

Ìkejì: wọ́n ní àwọn ìkà inú rẹ̀ kò jọ èèyàn. A ń rí agbádá Sir Godfrey, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu Papa Davina, ṣùgbọ́n a kì í pẹ́ nínú ọkàn wọn. Àròyé tó wúwo jù nìyí lójú tèmi. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọmọlákejì ń jẹun alẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ń gbàdúrà, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ohun tí ìtàn àròsọ lè ṣe, tí ìwé ìròyìn kò lè ṣe, ni kí ó mú wa jókòó sí tábìlì yẹn, kí a gbọ́ ohun tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ kó tó lè sùn. Níbi tí Ṣóyínká ti fi ẹ̀yẹ́ rọ́pò àyẹ̀wò ọkàn, ó jẹ wá ní gbèsè.

Ìkẹta: wọ́n ní ọ̀rọ̀ òkú Duyole gba àyè púpọ̀, pé ìwádìí ọ̀ràn dúró sójú kan nígbà tí wọ́n ń jà lórí pósí. Níbí, mo yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó ń ráhùn. Ẹ jẹ́ ká rántí ìwé You Must Set Forth at Dawn tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 2006. Níbẹ̀ ló ti ròyìn bí òun ṣe jà fitafita láti gbé òkú ọ̀rẹ́ òun, Fẹ́mi Johnson ti Ìbàdàn, kúrò ní Jámánì wá sílé. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ibi tí ìtàn ti ń dùn ún jù lọ ni Salzburg. Ó sì wúlò fún ọ̀ràn náà pẹ̀lú. Ìlú tó sọ ara èèyàn di ọjà ni ìtàn ń sọ. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kọ̀ kí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ àjèjì ló ń sọ fún wa pé ara èèyàn ní iyì. Ìjà lórí pósí tún jẹ́ kí ìfura kúrò lọ́nà jíjìn, kó máa sún mọ́ ilé. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá ń gbé, inú ilé laṣeni wà. Èmi kò rí ìdádúró níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí ti wọlé.

Ìkẹrin: wọ́n ní ìtàn parí, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó jókòó lé ọ̀ràn náà lórí. Wọ́n ń wá Lápàdé, wọn kò rí i. Menka kì í ṣe Lápàdé. Oníṣẹ́ abẹ tó ti rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń rán ara, kò mọ bí a ṣe ń mú olórí ìjọba. Àròyé yìí ló gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti fìdí múlẹ̀.

Àwọn ọ̀ràn tí kò lójútùú

Ṣóyínká fi ìwé yìí ṣe ìrántí èèyàn méjì: Délé Gíwá àti Bọ́lá Ìgè. Kò ṣeé ṣe láti ka ìwé náà bó ti yẹ láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, 1986, ìròyìn jáde pé Ṣóyínká ló gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú ọjọ́ 19, wọ́n gbé àpò ìwé kan wá sílé Délé Gíwá ní Ìkẹjà. Gíwá ni olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Newswatch. Ó ṣí i, bọ́ǹbù inú rẹ̀ bú, ó sì kú. Akọ̀ròyìn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá yẹn ló yè é. Nígbà tí Adájọ́ Òpùta àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó láti gbọ́ ẹ̀sùn ìfìyàjẹni, wọ́n gbé ọ̀ràn náà dé iwájú wọn. Títí di òní, kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, 2001, wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni nígbà náà. Òun ni agbẹjọ́rò àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ẹni tó wà ní olórí ètò ìdájọ́ gan-an kú, ìdájọ́ kò sì rí apani rẹ̀.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, òwe kan wà tí à ń fi tu ara wa nínú: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? A ń sọ ọ́ ní ilé ọtí, ní ilé ìwé, nínú ọkọ̀. Ó ń fún wa ní ìtẹ́lọ́rùn pé a mọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí a ní lọ́wọ́ kò ju ìfura lọ. A kò mọ ẹni tó ra nǹkan, ẹni tó gbé e, ẹni tó pàṣẹ, ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́, iye tí wọ́n san fún ìdákẹ́ náà, àti ọ̀nà tí fáìlì gbà sọnù. Ìfura ń jẹ́ kí inú bí wa. Òye ló lè jẹ́ kí a mọ ibi tí a ó ti dí ihò náà kí ejò má tún gba ibẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí òǹkàwé ilẹ̀ wa bá gbé ìtàn ọ̀ràn òṣèlú, ẹrù tó gbé lọ sínú rẹ̀ wúwo ju ti òǹkàwé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rí apani mú. Gíwá ló gbé lọ, Ìgè ló gbé lọ. Ó rántí igbó Ṣọ́kà tí wọ́n tú wò ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹta, 2014, níbi tí wọ́n ti bá egungun òkú àti àwọn alààyè tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí òǹkọ̀wé ṣe fún òun ohun tí ọlọ́pàá, adájọ́ àti ìgbìmọ̀ ìwádìí kò ṣe. Bí òǹkọ̀wé bá fún un ní Lápàdé, inú rẹ̀ yóò dùn fún alẹ́ kan, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé irọ́ ni. Bí òǹkọ̀wé bá kọ̀ láti fún un, yóò bínú. Ìbínú yẹn kò yẹ kó jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ìlú ló yẹ kó gbà á.

Ìwé kékeré kan láti Sicily

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé ó tilẹ̀ ṣeé ṣe láti kọ irú ìwé yìí láì sí ìdájọ́, kí òǹkàwé má sì ráhùn? Ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé erékùsù Sicily ní Ítálì.

Ní 1961, Leonardo Sciascia tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Il giorno della civetta. Ìlú tó ti ń kọ̀wé, àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn tí wọ́n ń pè ní Máfíà ló ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ olóṣèlú sì ń sọ nígbà náà pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Máfíà. Ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Ọkùnrin kan fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ìbọn dún, ó ṣubú. Bí ọlọ́pàá ṣe yọ, àwọn èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí, Bellodi, wá láti ìlú Parma ní àríwá. Ó ń lo òfin, ó ń lo ọpọlọ, ó sì tọpa ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ ẹni ńlá kan, Don Mariano. Ó mú un. Nígbà tí Bellodi lọ sinmi nílé, àwọn tó ní agbára ní Róòmù tú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ká. Wọ́n rí ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí èké, ẹni tó yẹ kó wà lẹ́wọ̀n sì bọ́.

Ìwé náà kò gùn rárá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè kà á tán láàárín ọjọ́ kan. Kò sí ìdájọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá pa á dé, a mọ ohun gbogbo. A mọ ìdí tí wọ́n fi pa ọkùnrin náà: kọngílá tó ń gba iṣẹ́ ọ̀nà àti ilé lọ́wọ́ ìjọba ni, kò sì gbà kí ẹgbẹ́ òkùnkùn máa dáàbò bo òun. A mọ bí owó ṣe ń rìn láti ọwọ́ kọngílá dé ọwọ́ olóṣèlú. A mọ bí ẹ̀rù ṣe ń pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. A sì ti jókòó pẹ̀lú Don Mariano, a ti gbọ́ bó ṣe ń wo ayé. Ó bà wá lẹ́rù nítorí pé èèyàn bí tiwa ni. Sciascia kò san gbèsè ìdájọ́, nítorí kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́. Gbèsè òye ló san, kò sì ku kọ́bọ̀.

Ohun tí mo fi ń wọn Chronicles nìyí. Níbi tó ti fi hàn wá bí wòlíì, olówó ìwé ìròyìn àti olórí ìjọba ṣe ń ya ara wọn ní iyì, tí àmì ẹ̀yẹ ti ọ̀kan ń bo ẹ̀ṣẹ̀ èkejì, ó san gbèsè rẹ̀ dáadáa. N kò mọ ìwé mìíràn láti ilẹ̀ wa tó fi ìpààrọ̀ yẹn hàn kedere bẹ́ẹ̀. Níbi tó ti mú wa dé yàrá iṣẹ́ abẹ Menka àti dé Salzburg, ó san án pẹ̀lú èlé. Níbi tó ti fi ariwo ọ̀rọ̀ bo ọ̀nà tí ọjà ẹ̀yà ara ń gbà, tí a kò fi mọ ọwọ́ tó gbé e àti ẹnu tó dákẹ́, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé ńlá ni. Òǹkàwé tó ní ó já òun kulẹ̀ níbì kan kò purọ́.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé ni n óò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkìkí òǹkọ̀wé dẹ́rù bà yín. Bí ìwé bá já yín kulẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ mo mọ̀ nísinsìnyí bí agbára ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú yìí ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ? Ǹjẹ́ mo ti bá ìkà inú ìwé náà jókòó tó láti mọ̀ ọ́n bí èèyàn? Ǹjẹ́ ohun tó ń bí mi nínú wà nínú ìwé yìí, àbí inú ìròyìn àná ló wà? Bí ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ rárá, ẹjọ́ yín tọ́, ẹ rò ó gbangba. Bó bá jẹ́ ìbéèrè kẹta ló mú yín, ẹ gbé ìbínú náà lọ síbi tó ti wúlò: ọ̀dọ̀ aṣòfin yín, àgọ́ ọlọ́pàá, ibi ìdìbò.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má fi àìsí ìdájọ́ nílùú ṣe àwáwí fún àìṣiṣẹ́ tó. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé pé, bí ayé ṣe rí náà ni àwọn ṣe kọ ọ́, pé níwọ̀n ìgbà tí a kò mọ apani Gíwá, àwọn náà kò ní láti mọ apani inú ìwé àwọn. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí ẹ mọ ọjọ́ tó pinnu, ohun tó jẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àti ẹni tí ó pè lẹ́yìn tó ti ṣe é. Bí ẹ bá yàn láti má ṣe jẹ́ kí ilé ẹjọ́ inú ìtàn mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ jókòó nílé ẹjọ́, ẹ ka ìwé ẹ̀rí àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí, ẹ bá akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ nípa bí fáìlì ṣe ń rìn. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Ẹ̀yin olóòtú àti òǹtẹ̀wé, iṣẹ́ yín nira nígbà tí òǹkọ̀wé bá ti di àgbà. A bọ̀wọ̀ fún àgbà nílẹ̀ Yorùbá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rí ìdọ̀tí lára aṣọ àgbà tí kò sọ fún un kò bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún òǹkọ̀wé ńlá pé orí yìí gùn, pé ìkà yìí kò tíì di èèyàn. Òǹkọ̀wé tó gbọ́n yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ohun kan ṣì kù. Àwọn tó kọ́ wa ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wa. Láti Atótó Arére títí di òní, ìtàn tó wọ inú ilé ìjọba pẹ̀lú èdè wa, tó fi ojú òye wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀, kò tó nǹkan rárá. Àwọn tí ọ̀ràn ń dà láàmú jù, ìyá ọlọ́jà tí ọmọ rẹ̀ kò padà wálé, awakọ̀ tí wọ́n rí òkú lẹ́bàá ọ̀nà rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ìwé tí wọn kò lè kà kò tíì san gbèsè rẹ̀ fún wọn. Ẹ kọ ọ́ ní èdè wọn. Ẹ kọ ọ́ ṣókí bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó mú wọn lọ́kàn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nígbà tí wọ́n bá kà á tán, ọwọ́ tó gbé e, ẹni tó pàṣẹ, àti ẹni tí wọ́n sanwó fún kó lè dákẹ́.

Òǹkàwé tó bá ti mọ èyí yóò wo ìjọba rẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé àròyé òǹkàwé tó jákulẹ̀ jẹ́ ohun iyebíye: ó ń sọ fún wa pé ó ṣì fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á dá a lóhùn.